Ara Yíyún Ajá àti Oògùn Tí Dókítà Ẹranko Ń Kọ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá kó ajá mẹ́ta jọ sí àgbàlá kan, tí gbogbo wọn sì ń họra tọ̀sán-tòru, àrùn wọn lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ó lè jẹ́ pé iná ajá ni ó ń jẹ ti àkọ́kọ́, pé kòkòrò abẹ́ awọ ni ó ń da èkejì láàmú, pé ara ẹ̀kẹta kò sì gba ekuru inú ilé. Oògùn tí ó wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò: ohun tí ń mú kí ara yún ajá, irú oògùn tí dókítà ẹranko máa ń kọ sí ìwé fún un, àti ìdí tí kò fi yẹ kí a lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kí ẹni tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ tó yẹ ajá náà wò.

Èmi kì í ṣe dókítà ẹranko. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni àwọn ọmọ máa ń gbé ìbéèrè wọn wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń bá ajá ṣeré jù lọ, àwọn náà ni a sì máa ń rán lọ sí ọjà pé kí wọ́n lọ ra oògùn ajá wá. Ó yẹ kí olùkọ́ lè là wọ́n lọ́yẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá

Ìlú Douala, níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, wà lẹ́bàá odò Wouri, kò sì jìnnà sí òkun. Òjò ibẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa lọ. Èyí tí ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan ju 3,500 mìlímítà lọ, nígbà tí ti Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 1,300 mìlímítà lọ. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ rárá. Irú ibi tí ó tutù tí ó sì móoru báyìí ni àwọn kòkòrò tí ń jẹ ajá fẹ́ràn láti máa bí sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kútọnu, Lomé tàbí Èkó wá náà mọ irú ojú ọjọ́ yìí dáradára.

Ajá ni ń ṣọ́ ilé wa lóru, òun ni ó sì ń bá ọdẹ lọ sí igbó. Bí yíyún bá pọ̀ lára rẹ̀ tí egbò sì bò ó, yóò máa rùn, àwọn ará ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Ajá tí a bá lé jáde di ajá ìgboro. Kò sí ẹni tí yóò tún mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi. Ẹ sì mọ̀ pé àrùn yìí ń pa ènìyàn, àti pé ara ajá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ń pa ti ń kó o. Ọ̀rọ̀ ara yíyún lè bẹ̀rẹ̀ bí ohun kékeré, kí ó sì parí sí ibi tí a kò rò.

Ìtumọ̀ àléjì

Dókítà kan tí ń jẹ́ Clemens von Pirquet, ní ìlú Vienna, ni ó kọ́kọ́ lo orúkọ náà ní ọdún 1906. Ara ènìyàn àti ara ẹranko ní àwọn ọmọ ogun tí ń bá àrùn jà. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí a máa fi ohun tí kò léwu pe ọ̀tá. Ó dà bí ọdẹ àdúgbò tí ó rí àlejò tí ó wá kí ni, tí ó fọn fèrè olè, tí gbogbo àdúgbò sì tú jáde pẹ̀lú kùmọ̀. Àlejò kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbàlá ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nígbà tí ekuru tàbí itọ́ kòkòrò bá kan ajá tí ara rẹ̀ kò gbà á: awọ rẹ̀ yóò pọ́n, yóò gbóná, yóò sì máa yún.

Ara ní àwọn ìránṣẹ́ tí ń jíṣẹ́ yíyún náà fún iṣan ìmọ̀lára. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ sọ ní interleukin-31, tí wọ́n ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2004. Ẹ fi ìránṣẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Bí a ṣe ń mọ ìdí yíyún

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ibi tí ajá ń họ lára rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí ìdí tí ó fi ń họ ọ́.

Èkíní ni iná ajá. Kòkòrò kékeré tí ó pẹlẹbẹ ni. Kò ní ìyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fò sókè bí tata. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní puce. Bí ara ajá kò bá gba itọ́ rẹ̀, ìjẹ díẹ̀ péré ti tó láti mú un họra fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdí ìrù, òkè ìbàdí àti ẹ̀yìn itan ni irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń gé jẹ. Abo iná ajá kan lè yé ẹyin 40 lójúmọ́, ẹyin wọ̀nyí a sì máa já bọ́ sórí ẹní, sínú ihò ilẹ̀ àti sábẹ́ àga. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé bí a bá kó 100 jọ, àti ẹyin àti ọmọ àti àgbà, nǹkan bí 5 péré ni ó wà lára ajá. Ìyókù wà nínú ilé.

Èkejì ni ohun tí ó wà nínú ilé àti nínú afẹ́fẹ́: ekuru, àwọn kòkòrò inú ekuru tí ojú lásán kò lè rí, àti ìyẹ̀fun òdòdó koríko. Irú àléjì yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 3. Ojú, etí, abíyá, ikùn àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni ó máa ń yún un. Ẹ ó rí i tí yóò máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀ títí irun ibẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Ara ajá lè kọ ẹran màlúù tàbí ẹran adìyẹ tí ó ti ń jẹ láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí ni kí a fi oúnjẹ tí kò jẹ rí bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán, láìfi egungun tàbí àjẹkù kankan kún un. Bí yíyún náà bá rọlẹ̀, tí ó sì tún padà nígbà tí a dá oúnjẹ àtijọ́ padà fún un, ìdí rẹ̀ ti hàn.

Ẹ̀kẹrin jọ àléjì, ṣùgbọ́n àrùn tí ń ràn ni. Kòkòrò abẹ́ awọ tí ń jẹ́ Sarcoptes ni ó ń fà á. Eteetí etí àti ìgúnpá ni irun ti máa ń kọ́kọ́ já. Ó ń ran ajá mìíràn, ó sì lè mú kí ara yún ọmọ tí ó bá gbé ajá náà mọ́ra. Bí a bá fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní oògùn tí ń pa yíyún nìkan, kòkòrò náà yóò máa bí sí i lábẹ́ awọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ń bá gbogbo wọn rìn. Ibi tí ajá bá họ títí tí ó fi bó, kòkòrò àìfojúrí yóò wọ ibẹ̀, yóò sì máa mú ọyún àti òórùn wá. Èyí náà ń yún. Nítorí náà, ìdí méjì tàbí mẹ́ta lè wà lára ajá kan ṣoṣo.

Ohun tí mo rí nínú agbo-ilé wa

Mo wọ̀ sí agbo-ilé kan ní àdúgbò New Bell. Bàbá onílé wa, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tí ń ta aṣọ, ní akọ ajá kan tí wọ́n sọ ní Tanímọ̀la. Láti ìgbà tí ajá náà ti pé ọdún kan ni ó ti máa ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún kan, nígbà òjò, yíyún náà pọ̀ kọjá ààlà, ìdí ìrù rẹ̀ sì bó. Ẹnì kan tí ń ta oògùn lórí àtẹ ní ọjà fún wọn ní hóró oògùn tí a dì sínú bébà, tí a kò kọ orúkọ kankan sí i lára.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, yíyún náà dá, gbogbo wa sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tí ó ti aṣálẹ̀ dé. Ó ń tọ̀ káàkiri àgbàlá, oúnjẹ kì í sì í tó o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ikùn rẹ̀ wú, egbò ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń ṣọyún. Bàbá sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, lọ́la ni n ó lé ajá yìí kọjá sí Bonabéri. Àwọn oníbàárà mi kò lè wọlé mọ́.” Mo dá wọn lóhùn pé, “Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ fi ojú rí i.” Wọ́n rò ó títí, wọ́n sì gbà.

Dókítà ẹranko náà kò kọ́kọ́ mú oògùn rárá. Ó béèrè ọjọ́ orí ajá, oúnjẹ rẹ̀ àti ibi tí ó ń sùn. Ó fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ìdí ìrù rẹ̀, ó sì gbọn ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ sórí bébà funfun tí ó ti fi omi rin. Àwọn èérí dúdú wẹ́wẹ́ náà yí padà di pupa. Ó ṣàlàyé fún wa pé ìgbẹ́ iná ajá ni, àti pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n mu ni ó wà nínú rẹ̀. Ó fi abẹ ha awọ díẹ̀, ó sì fi máíkírósíkóòpù wò ó bóyá kòkòrò abẹ́ awọ wà níbẹ̀, kò sí. Lẹ́yìn náà ni ó wá bi bàbá léèrè iye ọjọ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ọjà náà, nítorí pé àmì tí ó rí jẹ́ ti àwọn oògùn tí ó jẹ́ ẹbí cortisone.

Ó ní kí a má ṣe dá a dúró lójijì. Ó kọ oògùn tí a mọ orúkọ àti agbára rẹ̀ dípò èyí tí ó wà nínú bébà, ó sì ní kí a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó fún ajá náà ní oògùn tí ń pa iná ajá, ó ní kí a fún gbogbo ajá àti ológbò agbo-ilé náà ní èyí tí ó yẹ irú ẹranko kọ̀ọ̀kan, kí a máa fi omi gbígbóná fọ ibùsùn wọn, kí a sì máa gbá ihò ilẹ̀ mọ́. Ó fún wa ní ọṣẹ olómi tí ó ní chlorhexidine, pé kí a máa fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì lọ́sẹ̀, kí ọṣẹ sì wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí a tó ṣàn án.

Ní oṣù kejì, ìdí ìrù Tanímọ̀la ti jinná, irun sì ti ń hù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń lá ẹsẹ̀, ó sì ń họ etí. Nígbà náà ni dókítà sọ pé ìdí kejì ti wá hàn kedere: àléjì ekuru ilé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ìgbà yìí gan-an ni ó wá kọ oògùn yíyún sí ìwé.

Àwọn oògùn tí dókítà ń kọ

Oògùn àkọ́kọ́ ni prednisolone, ọmọ ìyá cortisone. Ọdún 1948 ni Philip Hench kọ́kọ́ lo cortisone fún aláìsàn tí oríkèé ara ń ro ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1950, òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Prednisolone kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ogun ara ni ó ń ká lọ́wọ́ kò, àti èyí tí ó ṣìnà àti èyí tí ń bá àrùn jà. Ìdí nìyẹn tí egbò Tanímọ̀la fi ń ṣọyún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lẹ́bàá kíndìnrín, tí ń pèsè irú nǹkan yìí fún ara, yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró bí a bá ń fún un láti òde fún ọjọ́ púpọ̀. Bí a bá dá oògùn dúró lójijì, ara yóò wà láìní ti inú, láìní ti òde, ajá náà sì lè ṣubú lulẹ̀.

Èkejì ni ciclosporin. Òun náà ń fa ìjánu àwọn ọmọ ogun ara, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí a tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó sì lè mú kí ajá bì ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oclacitinib, tí a fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2013. Ó ń dí ọ̀nà tí interleukin-31 àti àwọn ìránṣẹ́ bíi tirẹ̀ ń gbà jíṣẹ́. Yíyún lè rọlẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. A kì í fún ajá tí kò tí ì pé oṣù 12, a kì í sì í fún èyí tí àrùn líle wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni lokivetmab. Abẹ́rẹ́ ni, ajá nìkan ni a sì ṣe é fún. Ó ń mú ìránṣẹ́ yìí kan náà lójú ọ̀nà kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Abẹ́rẹ́ kan lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù kan.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wà ní ìlú gbogbo, àwọn kan sì wọ́n gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ fún dókítà iye tí agbára yín gbé, kí ó lè yan èyí tí ẹ ó lè máa rà títí. Ẹ tún rántí pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń mú àléjì kúrò pátápátá. Ẹnu yíyún ni wọ́n ń dì. Bí a bá dá wọn dúró, tí ohun tí ara kọ̀ sì wà níbẹ̀, yíyún lè padà.

Ìṣirò ìwọ̀n oògùn

Ìwọ̀n ara ajá ni dókítà fi ń mọ iye oògùn. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ẹranko, ẹ gbé ajá mọ́ra, kí ẹ gun òṣùwọ̀n ènìyàn. Ẹ sọ ajá kalẹ̀, kí ẹ tún gùn ún. Kí ẹ wá yọ èkejì kúrò nínú èkíní. Ti bàbá onílé wa jẹ́ kìló 81 pẹ̀lú ajá, 66 láìsí ajá. Nítorí náà, Tanímọ̀la jẹ́ kìló 15.

Ìwọ̀n oclacitinib jẹ́ mìlígíráàmù 0.4 sí 0.6 fún kìló kan, lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, ó pẹ́ jù, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Fún kìló 15, ó bọ́ sí mìlígíráàmù 6 sí 9. Hóró kan tí ó jẹ́ mìlígíráàmù 16, bí a bá dá a sí méjì, ó di 8, ó sì wà láàárín ààlà. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá yá ààbọ̀ hóró yìí fún ajá tirẹ̀ tí kò ju kìló 5 lọ, tí ààlà tirẹ̀ jẹ́ 3, ó ti fún un ní ju ìlọ́po méjì lọ. Mo ṣe ìṣirò yìí kí a lè ka ìwé dókítà kí ó sì yé wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rọ́pò dókítà.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

1. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì, epo ẹ́ńjìnnì tí a ti lò tàbí oògùn apẹ̀fọn pa ajá lára. Wọ́n ń bó awọ, ajá a sì máa lá wọn sínú.
2. Ẹ má ṣe fún ajá ní oògùn ara ríro ti ènìyàn, bíi ibuprofen. Ó lè dá egbò sí i nínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ewu náà pọ̀ sí i bí ajá bá ń lo prednisolone.
3. Ẹ má ṣe gún ajá ní ivermectin tí a ṣe fún màlúù. Àwọn irú ajá kan wà, bíi ti àwọn darandaran òyìnbó tí ń jẹ́ collie, tí ó lè pa.
4. Ẹ má ṣe lo oògùn iná ajá tí ó ní permethrin fún ológbò. Ó ń pa á.
5. Ẹ má ṣe ra oògùn tí kò ní orúkọ. Dókítà kò lè tún ohun tí kò mọ̀ ṣe.

Tanímọ̀la ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà agbo-ilé wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a tún máa yún un, bàbá a sì mú ìwé rẹ̀ padà lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí ni a ń pè ní ìtọ́jú àléjì: ìṣọ́ tí a ń ṣe lọ́dọọdún.

Ìbéèrè fún ẹ̀kọ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ibi tí ajá tí iná ajá ń jẹ máa ń họ, àti ibi tí ajá tí ara rẹ̀ kò gba ekuru máa ń họ?
2. Kí ló dé tí bébà funfun tútù fi lè fi hàn pé iná ajá wà lára ajá?
3. Ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ dá prednisolone dúró lójijì lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀.
4. Ènìyàn kan pẹ̀lú ajá rẹ̀ jẹ́ kìló 92. Òun nìkan jẹ́ kìló 72. Mìlígíráàmù oclacitinib mélòó ni ó kéré jù, mélòó ni ó sì pọ̀ jù fún ajá náà lẹ́ẹ̀kan?
5. Ọmọ ilé-ìwé yín kan wí pé bàbá òun fẹ́ lé ajá wọn nítorí egbò ara rẹ̀. Kí ni ẹ ó kọ́ ọ láti lọ sọ nílé?